Gómìnà Mẹ́fà, Igbó Kan: Ibo ni ìlérí ààbò dé lẹ́nu ààlà Òrè?

Láti ọdún 2020 ni àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣèlérí pé àwọn yóò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lé ajínigbé àti apààyàn jáde nínú igbó wa. Wọ́n ti ṣèpàdé n'Íbàdàn, wọ́n ti ṣe é ní Èkó, wọ́n ti ṣe é ní Àkúrẹ́; wọ́n ti buwọ́ lùwé, wọ́n sì ti ka ìpinnu wọn sétígbọ̀ọ́ àwọn akọ̀ròyìn. Ìbéèrè tí àgbẹ̀ inú abà ní Omífúnfún, awakọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Òrè lọ sí Èkó, àti ìyá tó ń ná ọjà Odígbó ń bi ara wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ibo ni ìlérí náà dé? Ìdáhùn tèmi ni pé a ti kúrò níbi tí a wà lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n ẹnu ààlà, níbi tó yẹ kí iṣẹ́ náà ti le jù, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dúró. Mo fẹ́ mú ìlérí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì mọ èyí tó ti ṣẹ àti èyí tí kò tíì kúrò nínú ìwé.

Ọ̀nà àti igbó

Òrè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin gba àárín rẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó wọ̀ ọ́ láti òkè, ọ̀nà Òkìtìpupa sì wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń ti Èkó lọ sí ilẹ̀ Ìgbò tàbí agbègbè Niger Delta lójú títì, Òrè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Nígbà ogun abẹ́lé, nínú oṣù kẹjọ ọdún 1967, Òrè ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Títí dòní làwọn àgbà ń fi í sọ̀rọ̀ pé "Ó le kú, ìjà Òrè." Ìlú tó bá wà ní oríta báyìí, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i kì í mọ síbẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀nà ni igbó wà. Igbó ọba Olúwa wà lápá ti Oǹdó, ní Odígbó níbí. Igbó ọba Ọmọ wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1925 ni ìjọba ti sọ ọ́ di igbó ọba, ó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóòró lọ, àjọ UNESCO sì ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò láti ọdún 1977. Igbó ọba Ṣàṣà wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara kan ara wọn. Erin ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ti ń ka igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan ṣoṣo, nítorí ibi tó bá wu erin ló ń rìn dé. Ajínigbé náà mọ̀ pé igbó kan ni. Ìjọba nìkan ló pín in sí mẹ́ta.

Ohun tó bí ìlérí

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ la lè rò tán, ṣùgbọ́n ó yẹ ká rántí díẹ̀, kí ẹni tó bá ń ka ìpinnu gómìnà lè mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n jí Olóyè Olú Fálaè gbé lóko rẹ̀ ní Ìlàdó, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2019, wọ́n yìnbọn pa Arábìnrin Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Bàbá Reuben Fáṣọ̀ràntì tó jẹ́ olórí Afẹ́nifẹ́re, ní Kajọlà lójú ọ̀nà Oǹdó sí Òrè. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n wọ ìjọ Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, ó sì lé ní ogójì olùjọ́sìn tó kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ ní Emùré. Ohun tó bá ojú ló bá imú: kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan nínú wọn tí ìpínlẹ̀ kejì ò pín nínú ìbẹ̀rù rẹ̀.

Àmọ̀tẹ́kùn: òfin mẹ́fà

Ikú ojú ọ̀nà Òrè ọdún 2019 yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn gómìnà sáré. Àjọ DAWN, tó ń bá àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣètò ìdàgbàsókè láti Íbàdàn, ló ṣe kòkárí rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Íbàdàn, pẹ̀lú ọkọ̀, aṣọ iṣẹ́ àti orin. Èrò tó wà níbẹ̀ ni pé kó jẹ́ ẹgbẹ́ ààbò kan fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí Abubakar Malami, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, fi ní kò bófin mu. Àwọn gómìnà lọ bá Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, wọ́n sì fẹnu kò ní ọjọ́ 23 oṣù náà pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin tirẹ̀. Kí ọdún yẹn tó jìnnà, òfin ti jáde ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Èkó ní tirẹ̀ tún òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó ti ní tẹ́lẹ̀ ṣe.

Mi ò fara mọ́ ẹni tó bá ní iṣẹ́ kékeré ni wọ́n ṣe yìí, nítorí irọ́ ni. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n gbé ẹgbẹ́ ààbò dìde tí ìjọba àpapọ̀ ò lè wó mọ́. Ní Oǹdó, lábẹ́ Adétúnjí Adélẹ́yẹ, ó di ohun tí àgbẹ̀ lè ké sí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan sọnù lọ́nà. Ohun tó kúrò n'Íbàdàn ní ọ̀kan, mẹ́fà ló padà délé: ọ̀gá mẹ́fà, owó oṣù mẹ́fà, àṣẹ mẹ́fà.

Ká ní àwọn ajínigbé yọ sójú ọ̀nà láàárín Òrè àti Oníparagà nírọ̀lẹ́, níbi tí kòtò ti mú kí mọ́tò rọra. Wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n wọ́ èrò mẹ́ta wọgbó. Àmọ̀tẹ́kùn, àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá tẹ̀lé ipasẹ̀ wọn ní òru. Nígbà tí oòrùn máa fi yọ, ipasẹ̀ ti forí lé ìwọ̀ oòrùn, síhà Ògùn. Òfin ò ní kí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ méjì má ran ara wọn lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin Oǹdó ló fún ọmọ Oǹdó láṣẹ láti mú ènìyàn àti láti gbé ìbọn. Bó bá kọjá sínú igbó Ọmọ, àfi kí ọ̀gá rẹ̀ pe ọ̀gá ti Ògùn, kí ti Ògùn wá ọmọ iṣẹ́ tó wà nítòsí, kí ẹni yẹn wá epo bẹntiróòlù, kí ó tó gbéra. Fóònù kì í sì í wọlé dáadáa nínú igbó. Ní gbogbo àsìkò tí ìpè yẹn fi ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́ ń rìn lọ ni, ẹbí rẹ̀ nílé sì ti ń ta ilẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ní kí a wọn ìlérí náà. Kò sí ìjọba kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kò lè ṣọ́ àárín ìlú rẹ̀. Ẹnu ààlà tó jẹ́ ti ẹni méjì ni kì í sábà ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Màlúù, oko, àti ìwé ibodè

Ìlérí kejì dá lórí darandaran àti àgbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fún àwọn darandaran tó wà nínú igbó ọba Oǹdó ní ọjọ́ méje kí wọ́n jáde. Ó fòfin de jíjẹ̀ màlúù lóru àti lójú ọ̀nà, ó sì ní ọmọdé ò gbọ́dọ̀ da màlúù mọ́. Ààfin Ààrẹ l'Ábùjá ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́ di wàhálà láàárín ẹ̀yà, kí àwọn gómìnà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ darandaran Miyetti Allah tó jókòó pọ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Níbẹ̀ ni àwọn darandaran fúnra wọn ti gbà pé kí jíjẹ̀ lóru àti fífi ọmọdé da màlúù dópin, àti pé gbígbé inú igbó ọba láìgbàṣẹ kò tọ́. Ìpàdé yẹn kò pariwo tó ọjọ́ méje gómìnà, ṣùgbọ́n òun ló mú ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ó sì yẹ ká máa rántí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, gómìnà mẹ́tàdínlógún apá gúúsù jáde ní Asaba pé kò sí fífi màlúù jẹ̀ káàkiri mọ́. Ní Èkó, ní oṣù keje, wọ́n dá ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án kí gbogbo wọn ti ṣòfin lé e. Akérédolú, tó jẹ́ alága wọn, buwọ́ lu ti Oǹdó ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ó kù ọ̀la kí àsìkò pé. Èkìtì ti ṣe tirẹ̀ láti ọdún 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019. Nínú gbogbo ìlérí tí mo ń yẹ̀ wò yìí, òun ló ṣẹ jù.

Ní Oǹdó, ó kúrò lórí ìwé. Bí màlúù bá wọ oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko àgbàdo, àgbẹ̀ máa ń lọ fẹjọ́ sun Àmọ̀tẹ́kùn. Wọ́n á kó màlúù náà sí ọgbà wọn, wọ́n á pe ẹni tó ni ín. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ oko á lọ wo ibi tó bàjẹ́, wọ́n á díwọ̀n ohun tó lọ. Darandaran á san owó náà fún àgbẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, wọ́n á buwọ́ lùwé, màlúù á padà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú àdá jáde pẹ̀lú. Irú ìyanjú báyìí ti dá ọ̀pọ̀ ìjà dúró kó tó dé ìbọn, ó sì wù mí kí ìpínlẹ̀ márùn-ún yòókù kọ́ ọ lọ́dọ̀ Oǹdó.

Èyí tí kò ṣẹ ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá ní kí màlúù má rìn, ibo ni kó dúró? Ètò ìyípadà iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2019 ní kí a ṣe ọgbà ẹran. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá RUGA, ètò ibùdó darandaran ìjọba àpapọ̀, dúró nítorí àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹran tí à ń jẹ ní Òrè ṣì ń fẹsẹ̀ rìn tàbí wọ tírélà wá láti òkè ọya, a ò sì tíì ní ọgbà ẹran tó tó jẹ. Òfin tó ní "má ṣe" tí kò sì ní "ibi báyìí ni kí o ti ṣe é," ọjọ́ tí agbófinró bá sùn ló máa bàjẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká náà ti rí i bẹ́ẹ̀. ECOWAS ṣe ìpinnu lórí dídaran kọjá ààlà ní 1998: kí darandaran ní ìwé tó sọ iye ẹran rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbà, ọ̀nà tí yóò tọ̀ àti ibi tó ń lọ, kó sì jẹ́ ọ̀sán ni yóò kọjá. Ìpinnu tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìwé kì í dá dúró sí ẹnu ibodè. Ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ wo Sèmè, tí àwọn ará Yorùbá wà ní òdì kejì rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon jọ ṣí ibùdó ìṣọ́bodè Sèmè-Kraké, níbi tí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò ti jọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà ti ibodè pa, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ilé náà wà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ló di àwátì. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè méjì, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ méjì.

Ìlérí tuntun: àpò owó àti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àwọn gómìnà, pẹ̀lú Babájídé Sanwó-Olú gẹ́gẹ́ bí alága, fẹnu kò pé àwọn yóò dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò jọ máa ṣọ́ gbogbo agbègbè náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ìjọ CAC ní Èrúkù, ní Kwárà, tí kò jìnnà sí Èkìtì, àwọn gómìnà tún pàdé n'Íbàdàn. Wọ́n ní àwọn yóò dá àpò owó ààbò kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó wà lábẹ́ DAWN. Kí àwọn olùdámọ̀ràn ààbò máa pàdé lóṣooṣù. Kí ìpínlẹ̀ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ààrẹ kéde pàjáwìrì lórí ètò ààbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì bẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n tún òfin wò kí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún, ó ti fọwọ́ sí gbígba ẹ̀ṣọ́ igbó fún igbó 1,129 káàkiri Nàìjíríà.

Mo yìn wọ́n fún ìpinnu oṣù kọkànlá yẹn, nítorí òun ni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ: bí Ògùn bá mọ̀ ní aago méje ohun tí Oǹdó mọ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ìgbàlà ló wà níbẹ̀. Àpò owó náà sì lè san owó epo fún ẹ̀ṣọ́ tó bá kọjá ààlà, láì jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kan ń wojú èkejì. Ṣùgbọ́n ìlérí náà ò tíì sọ iye tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dá, ọjọ́ tí wọ́n máa dá a, àti ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀ fún ará ìlú. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ náà ò tíì dé, nítorí abala 214 nínú ìwé òfin wa ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní, àti pé àyípadà rẹ̀ ń fẹ́ ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó pọ̀. Bí ó bá dé lọ́la, tí a ò sì tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu ààlà, ọlọ́pàá mẹ́fà ni a ó tún ní, bí a ṣe ní Àmọ̀tẹ́kùn mẹ́fà.

Ohun tí ìbọn ò lè ṣe

Ó ku apá kan tí àwọn ìwé ìpinnu kì í sábà fi ọwọ́ kàn. Àgbègbè Òrè àti Odígbó jẹ́ ilẹ̀ tí àlejò pọ̀ sí. Kòkó, ọ̀pẹ àti igi gẹdú ló pe wọ́n wá láti Ọ̀ṣun, láti Ọ̀yọ́, láti ilẹ̀ Ìgbìrà, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti Benue àti láti òkè ọya. Àwọn kan ti dáko nínú igbó ọba tipẹ́, láìní ìwé. Àwọn àgbẹ̀ inú igbó Olúwa sì ti ké gbàjarè nígbà tí ìjọba fi ilẹ̀ tí wọ́n ń dá fún ilé-iṣẹ́ oko ọ̀pẹ ńlá. Ẹni tí ìjọba ń lé kúrò lóko kì í tètè sáré wá sọ fún ìjọba pé òun rí àjèjì tó gbé ìbọn kọjá lẹ́yìn abà òun. Ẹbí Fúlàní tó ti ń gbé lẹ́bàá ìlú kí ìjà tó dé náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ bí a bá ń pe gbogbo wọn ní ọ̀daràn. Síbẹ̀ àwọn wọ̀nyí gan-an ni ojú tó wà nínú igbó. Ìgbìmọ̀ ààbò tí kò bá fi àgbẹ̀ abà, ọdẹ, seriki àwọn darandaran àti olórí àwọn lébìrà jókòó sí ìdí tábìlì kan, afọ́jú ni.

Ìtàn wa kọ́ wa pé ibi tí a bá ti pa ọ̀rọ̀ ará ìlú tì nínú àdéhùn, ibẹ̀ ló máa ń tú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n kéde àlàáfíà lórí ogun Kírìjì. Lára àdéhùn rẹ̀ ni pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, a kò sì ṣètò tó yanjú fún bí wọn yóò ṣe gbé. Ọdún 1909 ni èyí tó ṣẹ, nígbà tó sì tún di 1997, ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn níbẹ̀, ó sì di ọdún 2000 kó tó rọlẹ̀.

Ìwọ̀n tó kù

Bí mo bá wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, òfin ti wà, ẹ̀ṣọ́ ti wà, ìyanjú láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ti ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lẹ́nu ààlà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìjọba Lucky Ayédatiwá ní Àkúrẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo lè yí i padà láìdúró de Àbújá, bí wọ́n bá ṣe nǹkan mẹ́rin.

Kí ilé aṣòfin Oǹdó, Ògùn àti Ọ̀ṣun ṣe òfin kan náà tó fàyè gba ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ọ̀daràn lọ́wọ́ láti kọjá ààlà, kó sì sọ fún ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n dá ikọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún igbó Olúwa, Ọmọ àti Ṣàṣà, pẹ̀lú ọ̀gá kan, kó sì ní ibùdó sí Òrè. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéde iye tó dá sínú àpò owó ààbò, kí DAWN sì máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lẹ́nu ààlà ní ìgbìmọ̀ àlàáfíà tí àgbẹ̀, darandaran, ọdẹ àti àlejò jọ wà nínú rẹ̀, tí ìjọba sì ń san owó ìpàdé rẹ̀.

Kò sí èyí tó ju agbára wọn lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ṣe Àmọ̀tẹ́kùn láàárín oṣù mélòó kan ní 2020, àti Oǹdó tó fi ọjọ́ kan ṣáájú àsìkò buwọ́ lu òfin màlúù ní 2021, ti fi hàn wá pé bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, ohun tí ará Òrè àti Odígbó yóò béèrè ni iye ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú igbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àti ẹni tí wọn yóò pè.